Ìyá Sodíq gbé epo pupa dé: alẹ́ tí ológbò mi ń bì

Èébì àkọ́kọ́, mi ò kà á sí. Ológbò a máa bì. Àbẹ̀kẹ́ ti bì sórí ìwé mi rí, ó ti bì sínú bàtà mi rí, á sì wá máa rìn kiri bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irun tó ń gbé mì nígbà tó bá ń lá ara rẹ̀ ló máa ń ká jọ nínú rẹ̀, tí yóò sì bì í jáde tó bá yá.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú yàrá mi ní Òkókómáíkò, ó bì lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọ abọ́ tán. Oúnjẹ ni àkọ́kọ́, omi funfun ni ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn sì ń gbọ̀n. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo pariwo.

Ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá ni. Tó o bá sín, èèyàn mẹ́jọ ló máa kí ẹ. Kíá, gbogbo wọn ti dé ẹnu ọ̀nà mi. Bàbá tó ń gbé lápá ẹ̀yìn ní kí n gbé e síta, pé àwọn àgbà ló ń bára wọn jà nínú ológbò yẹn. Ọmọbìnrin kan tí àwa méjèèjì jọ ń lọ sí LASU mú ìdajì hóró paracetamol wá. Ìyá Sodíq sì sáré gbé epo pupa dé pẹ̀lú ṣíbí. "Là á lẹ́nu, jẹ́ n rọ ọ́ sí i."

Àánú ló ń ṣe gbogbo wọn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ nínú ohun tí wọ́n gbé wá, kò sí èyí tí kò lè pa á.

Mo pe dókítà ẹranko kan ní Ìbà, ẹni tó máa ń wá fún ajá lánlọ́ọ̀dù wa lábẹ́rẹ́. Kò tiẹ̀ kí mi dáadáa. "Ẹ̀ẹ̀melòó ló bì? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Itọ́ ńkọ́? Gbé àtùpà jìnnà sí i, kí o wo ẹyinjú rẹ̀." Nínú òkùnkùn, ó yẹ kí dúdú ojú ológbò fẹ̀ bíi owó kọ́bọ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́ ti fún pọ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Dókítà dákẹ́ díẹ̀. "Àbúrò, ta ló da oògùn eku sílẹ̀ nínú ilé yín lónìí?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn sókè kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìgbà tó yá ni Ìyá Sodíq, pẹ̀lú ṣíbí epo lọ́wọ́, sọ pé, "Yéè. Èmi ni o." Eku ti ya àpò gàrí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wá rọ ọ̀tapíápíá sórí orí ẹja gbígbẹ kan, ó sì tì í sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ sọ fún mi, láàárín eku àti ológbò, ta ló máa kọ́kọ́ gbóòórùn ẹja?

Ohun tó sábà máa ń wà nínú ìgò ọ̀tapíápíá ni DDVP, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ dichlorvos. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, torí òun ló jẹ́ kí dókítà mọ̀ ọ́n látorí fóònù. Nígbà tí okùn ìmọ̀lára inú ara bá fẹ́ rán iṣẹ́ sí iṣan, tàbí sí ibi tí itọ́ ti ń sun, ó máa ń tú kẹ́míkà kan jáde, acetylcholine. Kẹ́míkà yìí á kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí, iṣẹ́ á di ṣíṣe. Lójú ẹsẹ̀, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ acetylcholinesterase á gé e sí wẹ́wẹ́, ilẹ̀kùn á padà tì. Èròjà tó ń géni yìí ni DDVP máa ń lẹ̀ mọ́, tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀kùn ò wá tì. Itọ́ á máa dà, omijé á máa dà, inú á máa fún, èébì, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á máa jáde, ẹyinjú á fún pọ̀, iṣan á máa gbọ̀n. Ohun tó sì máa ń pani gan-an ni èémí: omi á kún ọ̀nà èémí, iṣan tí a fi ń mí á sì rẹ̀.

Èròjà kan náà yìí ló wà lára aáyán, lára eku, lára ológbò àti lára Sodíq, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ìdí nìyẹn tí oògùn yìí kò fi mọ ẹni tí wọ́n dá a lé. Lọ́dún 2019, NAFDAC gbẹ́sẹ̀ lé títa ìgò kékeré DDVP, ti 100ml, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tí kò ní orúkọ kankan lára ṣì wà lójú títì.

Epo pupa wá ńkọ́? Kì í so májèlé mọ́lẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sọ. Ẹranko tó ń bì, tó ń gbọ̀n, kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ àìsàn mìíràn lọ́tọ̀. Omi iyọ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀.

Ti paracetamol tún burú jù ú lọ. Ẹ̀dọ̀ àwa èèyàn máa ń so oògùn yìí mọ́ ohun kan tó jọ ṣúgà, kó lè bá ìtọ̀ jáde. Lọ́dún 2000, Michael Court àti David Greenblatt ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jíìnì tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ lára ológbò. Ẹran ni ìdílé ológbò ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ewé olóró tí wọ́n nílò láti bá jà, bẹ́ẹ̀ ni jíìnì náà ṣe dẹnu kọlẹ̀. Tí ológbò bá gbé paracetamol mì, ó máa ń di májèlé tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè gbé atẹ́gùn mọ́. Ìdajì hóró tí ọ̀rẹ́ mi mú wá yẹn lè pa á.

Dókítà ní kí n fi ọ̀rá wé ọwọ́ kí n tó gbé e, kí n sì mú orí ẹja yẹn dání nínú ọ̀rá mìíràn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àkọ́kọ́ tí mo dá dúró rí ohun tó wà nínú agbọ̀n. "Ológbò? Lálẹ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Ìkejì gba owó ìlọ́po méjì, ó sì gbé wa láti Ìyànà-Ìbà wọ Ìbà láì wẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́ atropine ló gún un. Atropine máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí acetylcholine má bàa ráyè kàn án mọ́. (Irú èròjà yẹn wà nínú gẹgẹmu tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sè mu. Ẹ má lọ gún un fún ológbò yín o. Ìwọ̀n ni oògùn, àṣìwọ̀n ni májèlé.) Ó fi ọṣẹ wẹ ẹnu àti àyà rẹ̀, torí DDVP máa ń gba awọ ara wọlé. Abẹ́rẹ́ méjì. A jókòó tì í títí di aago méjì òru, tí mò ń ka mímí rẹ̀.

Kí ẹ má bàa máa sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí irun: tó bá bì lẹ́ẹ̀kan, tó sì padà sídìí eré àti oúnjẹ, ẹ ṣì máa wò ó. Tó bá ń bì léraléra, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, tí omi gan-an ò dúró nínú rẹ̀, tó ń gbọ̀n, tàbí tó jẹ́ ọmọ ológbò tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Kò sì sí ààwẹ̀ fún ológbò. Tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ á máa ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti pa á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lẹ́yìn tá a délé nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Àbẹ̀kẹ́ wá dúró ti abọ́ mi, ó jẹ ẹja títutù tí mo bọ̀ láì fi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i. Ìyá Sodíq ti ra pàkúté onírin méjì lọ́jà Ìyànà-Ìbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó sọ Sodíq kalẹ̀ látẹ̀yìn.