Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Sánmà

 

Nígbà tí àwa wà lórí ìjókòó ní Mopa yìí, olùkọ́ a máa fi ṣọ́ọ̀kì ya rọ́kẹ́ẹ̀tì sára pátákó. A há orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sórí, a sì yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tó lè sọ bí ó ti tóbi tó. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ kan tí a dá sílẹ̀ láti wo irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sàn: àwòṣe ọkọ̀ ojú sánmà tí a ń ṣe fún ìpàtẹ gbangba.

Ohun tó bá lọ sí ojú sánmà kì í sábà padà wálé. Sputnik, tí ìjọba Soviet fi ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, jẹ́ bọ́ọ̀lù irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58. Ó jóná bó ti ń já bọ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958. Nítorí náà, àwòṣe ni èyí tí ogunlọ́gọ̀ èrò wò ní ìpàtẹ àgbáyé ìlú Brussels lọ́dún náà. Bákan náà ni Eagle, ọkọ̀ tó gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ sí òṣùpá lọ́dún 1969, kò padà sí ayé. Èyí tí àwọn ọmọ wa tó wà ní London ti rí rí ní Science Museum, àwòṣe ni.

Orílẹ̀-èdè wa kò ṣàìní ìpín níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962, nígbà tí John Glenn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú Friendship 7, ibùdó kan wà ní Kano tó ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ náà gan-an káàkiri ayé, ó sì dé Èkó. Ṣùgbọ́n ojúlówó kan ṣoṣo ni, kò lè dé gbogbo ìlú. Àwòṣe ló lè wọ inú àpótí, kí ó sì dé ilé-ìwé.

Ìwọ̀n ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí. Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn lọ sí òṣùpá, ga tó mítà 110. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, tí a sì mú ìdá kan, mítà 1.1 ni, bí ọmọ ọdún márùn-ún ti ga mọ. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ pín bákan náà. Bí oníṣẹ́ bá fi kún ibì kan kí ó lè wu ojú, ohun ìṣeré ló ṣe, kì í ṣe ẹlẹ́rìí òtítọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Mósè, tí a fi àpẹẹrẹ àgọ́ hàn lórí òkè, kò láṣẹ láti fi ti ara rẹ̀ kún un.

Síbẹ̀, àwòṣe níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Òṣùpá jìnnà sí wa tó kílómítà 384,000. Bí a bá gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì mítà 1.1 yìí sí àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí a fẹ́ fi ìwọ̀n kan náà gbé òṣùpá kalẹ̀, a ó rìn tó kílómítà 3,840, èyí tó ju Mopa sí Káírò lọ. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kò ní gbàgbé.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Lọ́dún 2017 ni NigeriaEduSat-1, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, gòkè lọ. Àpótí kékeré ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Páálí, gọ́ọ̀mù àti rúlà tó láti ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìtóbi rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde pèsè tábìlì ìpàtẹ kan sí yàrá sáyẹ́ǹsì, kí ẹ̀yin òbí sì jókòó ti àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Kí àjọ̀dún tó ń bọ̀ má bá wọn lórí àhásórí tí ó bá àwa.