IVF: Ọlẹ̀ mélòó ni kí dókítà fi sínú ilé ọmọ?

Bí tọkọtaya bá ti wá ọmọ fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí wọ́n ta ilẹ̀, tí wọ́n tún yáwó ní ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kí wọ́n tó rí owó IVF san, ìbéèrè kan ṣì ń dúró dè wọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn kì í múra sílẹ̀ fún. Dókítà á ní ọlẹ̀ mẹ́rin ló yọrí, á wá bi wọ́n pé mélòó ni kí òun fi sínú ilé ọmọ. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé: "Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sí i." Owó kan náà ni wọ́n kúkú san. Bó bá di ìbejì tàbí ìbẹta, ẹ̀gàn parí nìyẹn.

Ẹni tójú ń pọ́n ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó bá a wí. Àmọ́ iye tí wọ́n bá mú lọ́jọ́ yẹn lè pinnu bóyá ìyá àtọmọ á jọ dé ilé láyọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Nínú IVF, wọ́n máa ń fún obìnrin lábẹ́rẹ́ kí ẹyin tó pọ̀ lè gbó nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kó ẹyin náà jáde, wọ́n á sì pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin. Èyí tó bá di ọlẹ̀ ni wọ́n á tọ́jú fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó wọ ilé ọmọ.

Ọlẹ̀ kan péré ló di Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní July 25, 1978. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní ọsibítù LUTH, l'Ékòó, wọ́n sì bí ọmọ níbẹ̀ ní 1989. Láyé ìgbà yẹn, ọlẹ̀ tó ń dúró kò pọ̀, ọgbọ́n àtitọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù sínú òtútù kò sì tíì dán mọ́rán. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà káàkiri ayé fi ń fi mẹ́ta, mẹ́rin sí i. Lóde òní, ọlẹ̀ lè wà nínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì tún di ọmọ.

Méjì kì í ṣe ìlọ́po méjì

Àwọn oníṣègùn ní Sweden, Norway àti Denmark gbé ìwádìí kan jáde ní 2004 lórí obìnrin 661 tí ọjọ́ orí wọn kò tó 36. Wọ́n fi ọlẹ̀ méjì sínú àwọn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó kù gba ẹyọ kan. Bí kò bá sì yọrí sí ọmọ, wọ́n á fi ẹyọ kan láti inú òtútù sí i nígbà mìíràn. Nínú 100 obìnrin tó gba méjì pa pọ̀, nǹkan bíi 43 ló bímọ. Nínú 100 tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 39 ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Àmọ́ nínú àwọn tó bímọ lẹ́yìn tí wọ́n gba méjì, ìdá mẹ́ta kan ló bí ju ọmọ kan lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ẹyọ kan nínú 100.

Ìbejì dùn, oyún rẹ̀ nira

Kò síbi tí wọn kì í ti í yọ̀ mọ́ ìbejì ní Nàìjíríà, pàápàá ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, àwọn baba ńlá wa tó ń gbẹ́ ère ìbejì mọ̀ pé ayọ̀ náà lè fò lọ: ère ìbejì tó kú ni. Ó lé ní ìdajì oyún ìbejì tí kì í pé ọ̀sẹ̀ 37 kí wọ́n tó bí i. Ti ìbẹta sábà máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 33. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nílò ẹ̀rọ tó ń mú ara rẹ̀ móoru, iná tí kì í lọ, àti nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní wọn, ojoojúmọ́ ni owó rẹ̀ sì ń lé sí i. Ní ti ìyá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ máa ń wọ́pọ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí Sweden fi sọ ọ́ di ìlànà ní 2003 pé ọlẹ̀ kan ni kí wọ́n sábà máa fi sí i. Lọ́dún náà, ìjọba Belgium bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó IVF títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà, bí tọkọtaya bá gbà kí iye ọlẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní Britain, ìbí ọlọ́mọ púpọ̀ látinú IVF já wálẹ̀ láti 28 nínú 100 láàárín ọdún 1990 sí 1999 dé 6 ní 2019. Níbi tí tọkọtaya ti ń san owó látinú àpò ara wọn, bíi tiwa níhìn-ín, ó ṣòro láti ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọlẹ̀ inú òtútù kò nílò abẹ́rẹ́ ẹyin àti kíkó ẹyin mọ́, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń dín sí ti àkọ́kọ́.

Kì í ṣe ẹyọ kan fún gbogbo ènìyàn

Obìnrin tó ti lé ní 40 tó ń lo ẹyin ara rẹ̀ lè nílò ju ẹyọ kan lọ, torí ọlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dúró. Òfin Britain gbà á láyè dé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyin tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi tọrẹ ló lò, ọjọ́ orí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ni kí wọ́n wò, ẹyọ kan sì sábà máa ń tó. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fibroid fún, àti ẹni tí ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ kò lágbára gbọ́dọ̀ rọra ṣe. Kí gbogbo ènìyàn sì rántí pé ọlẹ̀ kan ṣoṣo lè pín sí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀.

Kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí tọkọtaya jókòó ti dókítà, kí wọ́n bi í pé:

1. Báwo ni ọlẹ̀ wa ṣe lágbára tó, ṣé ó sì lè dé ọjọ́ karùn-ún?
2. Èwo nínú àìsàn tàbí iṣẹ́ abẹ tí ìyàwó ti ní tẹ́lẹ̀ ló lè mú oyún ìbejì léwu?
3. Ṣé ẹ ń tọ́jú ọlẹ̀ sínú òtútù, èló sì ni lọ́dún?
4. Bí oyún bá di mẹ́ta, kí lẹ máa gbà wá níyànjú láti ṣe, ṣé ẹ̀rí ọkàn wa á sì gbà á?
5. Bí ọmọ bá wáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọsibítù wo ló máa gbà á, èló sì ni lójúmọ́?

Kí ọkọ àti ìyàwó jọ fẹnu kò sórí ìdáhùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ kan tó pé oṣù, tí ìyá rẹ̀ sì gbé e relé, kì í ṣe ọmọ díẹ̀.