Rédíò Inú Ọkọ̀ Ẹja àti Bátìrì Tí Ń Kú Sójú Omi

Ọ̀rọ̀ ti òní kò kan ajílẹ̀ tàbí irúgbìn. Rédíò tí ẹ ń so mọ́ inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì yín ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

N kò ní kí ẹ má gbọ́ rédíò. Ta ni yóò wá gbọ́ tiwa? Ṣùgbọ́n ní èbúté kan láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Lékkí, mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ẹja wọn ti bàjẹ́ sínú ọkọ̀. Ojú omi ni wọ́n sùn, wọ́n ń ṣọ́ àwọ̀n, rédíò sì ń kọrin láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, wọ́n tẹ sítátà, kẹ́-kẹ́-kẹ́ nìkan ni wọ́n gbọ́. Iná orí ọkọ̀ ti di pupa bí ẹ̀yìn iná tí ó fẹ́ kú. Okùn tí wọn ì bá fi fa ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ wà ní ilé. Inú òkùnkùn náà ni ọkọ̀ akérò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn wọ́n mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yìnyín ti yọ́ tán.

Bátìrì mọ́tò tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, kí ó lè ta ẹ́ńjìnì ni wọ́n ṣe ṣe é. Yóò tu agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnì yóò sì dá a padà fún un. Àwo òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ, tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, bátìrì tuntun ti di ẹrù. Èyí tí wọ́n ń tà fún iná sólà, tí àwo òjé rẹ̀ nípọn, ni ó dára jù fún rédíò. Síbẹ̀, kí òun náà má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ ju ìdajì lọ.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ìdajì? Ẹ wo ara bátìrì, ẹ ó rí 75AH tàbí 100AH. Ìtumọ̀ 75AH ni pé bí ohun kan bá ń jẹ áḿpù 1, bátìrì náà lè gbé e fún nǹkan bí wákàtí 75 kí ó tó gbẹ. Ẹ ka ìdajì nìkan, ìyẹn 37. Rédíò onísípíkà 2 tí a kò yí sókè jù máa ń jẹ nǹkan bí áḿpù 2. Gílóòbù àtijọ́ kan tí ó jẹ́ wáàtì 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ áḿpù 1. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3, nítorí náà, wákàtí 12 ni ẹ ní. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ bá so ampilifáyà tí ń jẹ áḿpù 10 mọ́ ọn, kò ní tó wákàtí 3. Bátìrì tuntun ni mo sì ń sọ o. Èyí tí ó ti gbó kò lè ṣe é.

Ẹ má rò pé ẹ́ńjìnì yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré tí a ń fi okùn fà kì í ṣáájì bátìrì rárá. Àwọn tí ó sì ń ṣáájì, ìgbà tí wọ́n bá ń sáré dáadáa ni wọ́n ń mú nǹkan gidi wá. Ẹni tí ó bá dúró sójú kan tí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa kùn nítorí bátìrì, epo ló ń jó. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe yọ orí bátìrì. Ó lè jó ohun tí ń ṣáájì rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn rẹ́wáyà jà jù ni ọ̀rọ̀ wáyà. Rédíò mọ́tò sábà máa ń ní wáyà dúdú, pupa àti yẹ́lò. Dúdú lọ sí orí nẹ́gétíìfù. Yẹ́lò ni ó ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti ibùdó tí ẹ ti yàn. Díẹ̀ báyìí ni ó ń jẹ. Pupa ni ó ń jí rédíò, kọ́kọ́rọ́ ni ó sì ń gbà kọjá nínú mọ́tò. Nínú ọkọ̀ ojú omi, wọn a lọ́ pupa pọ̀ mọ́ yẹ́lò, wọn a sì so méjèèjì mọ́ orí bátìrì. Nínú rédíò mìíràn, bí ẹ tilẹ̀ tẹ bọ́tìnnì pa á, kì í sùn tán. Yóò máa fa bátìrì títí ọjọ́ ọjà. Ẹ fi súwíìṣì sórí pupa. Bí ọkọ̀ yóò bá dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ yọ yẹ́lò náà. Ampilifáyà ní wáyà tí ń jí i. Wáyà búlúù ti rédíò ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe bátìrì. Kí fíúsì sì wà lórí yẹ́lò àti pupa, kí ó sún mọ́ bátìrì, nítorí kẹ́ẹ̀gì epo wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ó sábà máa ń jẹ́ áḿpù 10 tàbí 15. Ẹ ṣe bí ìwé rédíò bá ti wí.

Bí owó ẹgbẹ́ bá ká a, ẹ ra bátìrì kejì kí ẹ tó ronú ampilifáyà. Kí ọ̀kan máa ta ẹ́ńjìnì, kí ó sì gbé iná ọkọ̀, kí èkejì jẹ́ ti rédíò. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 50 lè mú nǹkan bí áḿpù 3 wá bí oòrùn bá mú ganrínganrín. Bí ó bá rí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 4, ó ti san owó rédíò wákàtí 6. Nínú òjò oṣù keje, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀. Kí ohun tí ń darí ṣáájì wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, kí bátìrì má baà sè.

Bátìrì tí ẹ lè ṣí, omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ máa fi kún un. Ẹ fi fasẹlín pa orí rẹ̀, nítorí iyọ̀. Bí rẹ́wáyà bá fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ó ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.6 jẹ́ kíkún, 12.2 jẹ́ ìdajì. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 12, ẹ má gbé e lọ sójú omi. Okùn ìfà ẹ́ńjìnì, ẹ so ó mọ́ inú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ fi di ẹrù.