Ìyá Wà Nílé, Ṣùgbọ́n Ta Ni Ń Bá Wọn Sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà tí a ń mú láti ìlú wa wá sí ìgboro ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọmọ a máa mú ìyá rẹ̀ wá, a ní: “Nọ́ọ̀sì, Màmá kì í jẹun mọ́, wọn kì í sùn, gbogbo ara ní ń dùn wọ́n.” Èmi a bi Màmá léèrè pé: “Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ lánàá?” Wọn a dákẹ́. Ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ wà nílé-ìwé, ìlẹ̀kùn sì wà ní títì. Oúnjẹ wà, oògùn wà, ènìyàn ni kò sí.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Láti ọdún 1965 ni àwọn oníwádìí ti ṣọ́ àgbàlagbà 6,928 ní Alameda, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ọdún 9. Ní 1979, Lisa Berkman àti Leonard Syme kọ̀wé pé àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ kú ju àwọn tí ènìyàn yí ká lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ro ti sìgá àti ọtí mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà kò parẹ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ mú Màmá lọ kí àwọn aládùúgbò. Ẹ wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú yín, kí wọ́n jọ máa tàkúrọ̀sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ń já ẹ̀fọ́, tí ó ń pàlọ́ fún ọmọdé, mọ̀ pé òun ṣì wúlò. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀ kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n o, àbẹ̀wò kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà fún wọn dúró. Bí àìjẹun àti àìsùn bá tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ mú wọn wá. Bí wọ́n bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ mú wọn wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú ìyá yín nínú ilé ọmọ wọn.