Ìwé méjì tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ tó ń rì, tó tú àrokò Jámánì lójú òkun

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 1942, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan tó ń rì ní òkun Mẹditaréníà, lẹ́bàá Íjíbítì. Wọn kò jáde mọ́.

Àmọ́ ìwé tí wọ́n kó síta kí omi tó gbé wọn lọ gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ atukọ̀ là.

Kí nìdí tí ìwé náà fi ṣe pàtàkì?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, orí rédíò ni wọ́n ti máa ń pàṣẹ fún àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì. Ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ, àmọ́ kò lè yé e, nítorí ẹ̀rọ Enigma ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà di àrokò.

Láti ọdún 1941 ni Alan Turing àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bletchley Park, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń tú àrokò náà. Bí wọ́n bá ti mọ ibi tí ọkọ̀ abẹ́ omi lúgọ sí, ọkọ̀ akẹ́rù á gba ibòmíì. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 1942, nǹkan dojú rú. Jámánì fi kẹ̀kẹ́ kẹrin kún mẹ́ta tó ń yí nínú ẹ̀rọ Enigma àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi tó wà ní òkun Àtìláńtíìkì. Fún oṣù mẹ́wàá, Bletchley Park fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan kà.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà mọ̀ ọ́n lára. Ní ìparí oṣù Kẹwàá yẹn kan náà, ọ̀wọ́ ọkọ̀ SL 125, tó gbéra láti Freetown ní Sierra Leone lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi. Ó lé ní ọkọ̀ mẹ́wàá tó rì.

Ta ló wọ inú ọkọ̀ náà?

Ọkọ̀ ogun Petard àtàwọn mìíràn fi ọ̀pọ̀ wákàtí ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ abẹ́ omi U-559 kó tó léfòó. Bí àwọn ará Jámánì ṣe ń sá jáde, Anthony Fasson àti Colin Grazier lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀ nínú òkùnkùn. Tommy Brown, ọmọ ọdún 16 tó ń ṣiṣẹ́ ní kántíìnì Petard, tẹ̀ lé wọn.

Omi ń ya wọlé. Fasson àti Grazier ń kó ìwé nísàlẹ̀, Brown ń gbà á, ó ń gbé e gun àkàbà lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ké sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, àmọ́ ọkọ̀ náà rì lójijì.

Báwo ni àrokò náà ṣe tú?

Ìwé méjì ló ṣe pàtàkì jù: ọ̀kan fún ìròyìn ojú ọjọ́, èkejì fún ìròyìn kúkúrú. Àwọn ọkọ̀ tó wà ní Àtìláńtíìkì náà ń lò wọ́n.

Tí wọ́n bá fẹ́ ròyìn ojú ọjọ́, wọ́n máa ń gbé kẹ̀kẹ́ kẹrin síbi tí kò ti ní ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà á sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé náà jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè méfò ohun tí ìròyìn ọ̀hún sọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà tú ìyókù. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Wàhálà kò tán lọ́jọ́ náà. Jámánì pẹ̀lú ń ka àrokò tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì tún rì ní oṣù Kẹta, ọdún 1943. Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀rọ rédà kún iṣẹ́ Bletchley, Jámánì pàdánù nǹkan bí ọkọ̀ abẹ́ omi 40. Ọ̀gágun Karl Dönitz kó ìyókù kúrò ní àríwá Àtìláńtíìkì.

Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ George Cross dá Fasson àti Grazier lọ́lá lẹ́yìn ikú wọn. Brown gba George Medal, àmọ́ ó kú lọ́dún 1945 níbi tó ti ń gbìyànjú láti yọ àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú iná tó ń jó ilé wọn.

Àwọn ọdún 1970 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ kí aráyé gbọ́ nípa iṣẹ́ Bletchley Park. Nígbà yẹn, Brown ti kú láti bí ọgbọ̀n ọdún.