Ìgbàgbọ́, iṣẹ́ àti àyànmọ́: Àríyànjiyàn tí kò tíì tán láàrin àwọn Kristẹni Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá dúró ní àdúgbò Ìgbọ̀nà nílùú Òṣogbo yóò rí àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Kátólíìkì, Àpọ́sítélì àti Pẹ́ńtíkọ́sì, tí kálukú wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bíbélì ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi wọ́n léèrè pé kí ni Ọlọ́run yóò wò kó tó gba ènìyàn là, ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìdáhùn wọn kò ní í rí bákan náà. Bí ó bá sì tún bi wọ́n pé ṣé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò là kó tó dá ayé, ó ṣeé ṣe kí agogo ìsìn lù kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì nìkan. Bí bàbá kan tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, bá kú, òun ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jiyàn lé lórí nígbà tí wọ́n bá ń wá ìjọ tí yóò sin ín. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, òun ni ìyá àti bàbá ń bá ara wọn fà: ṣé kí wọ́n gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ni, àbí kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn? Obìnrin tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílé ọkọ tí kò rí ọmọ bí, ohùn méjì ló ń gbọ́. Ọ̀kan ní kó gba kádàrá. Èkejì ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Kò sí èyí tó fúyẹ́ nínú méjèèjì.

Láti inú orúkọ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Yorùbá ń pe Kristẹni. Kò sí ẹni tó ń pè é ní oníṣẹ́-rere. Orúkọ náà ti gbè sẹ́yìn apá kan kí ìjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1850. Ìwé Jákọ́bù tẹ̀lé e ní 1851, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ó wá dà bí ẹni pé olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ jọ wọ ilẹ̀ Yorùbá ní àsìkò kan náà. Ìdí ni pé Pọ́ọ̀lù kọ́ni nínú ìwé Róòmù pé nípa ìgbàgbọ́ ni a ń dá ènìyàn láre, láìsí ti pé ó pa òfin mọ́, nígbà tí Jákọ́bù ní ìgbàgbọ́ tí kò bá ní iṣẹ́ ti kú. Èyí tó tún ya ni lẹ́nu ni pé Ábúráhámù kan náà ni àwọn méjèèjì pè ní ẹlẹ́rìí.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ṣe ni pé kì í ṣe àwùjọ kan náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó rò pé ìkọlà àti òfin Mósè ló ń sọ ènìyàn di olódodo ni Pọ́ọ̀lù dojú kọ. Àwọn tó ń kí ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà, tí wọn kò sì fún un ní oúnjẹ, ni Jákọ́bù ń bá wí. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò dá ìjà dúró nílẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí Martin Luther túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní 1522, ó fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "nìkan" kún ìgbàgbọ́ nínú Róòmù orí kẹta, ó sì fi ìwé Jákọ́bù wé koríko gbígbẹ. Ìjọ Kátólíìkì fèsì ní ìpàdé Trent ní 1547 pé ìgbàgbọ́ nìkan, láìsí ìfẹ́ àti ìgbọràn, kò tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò lórí ìyapa yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1999, ìjọ Kátólíìkì àti àpapọ̀ ìjọ Luther lágbàáyé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nílùú Augsburg pé oore-ọ̀fẹ́ ló ń gba ènìyàn là, pé iṣẹ́ rere sì ń tẹ̀lé e. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006. Bí a bá fetí sí ìwàásù àwọn oníwàásù ẹ̀gbẹ́ títì kan, a ó rò pé ìwé náà kò wáyé rárá.

Ti yíyàn tẹ́lẹ̀ ló le jù. Àwọn tó ń pè é ní ìjà òyìnbó gbàgbé pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ibi tó di Algeria lónìí, ẹni tó bá Pelagius jà lé e lórí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn. Augustine ní ènìyàn kò lè yíjú sí Ọlọ́run àfi bí Ọlọ́run bá kọ́kọ́ fà á. John Calvin tẹ ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún: Ọlọ́run yan àwọn kan sí ìyè, ó sì yan àwọn mìíràn sí ègbé, kì í ṣe nítorí ohun tó rí nínú wọn, bí kò ṣe nítorí ìfẹ́ inú rẹ̀. John Wesley, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kò gbà. Ní 1739, ó wàásù ta ko ẹ̀kọ́ yìí débi pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Whitefield, yapa lé e lórí. Lójú Wesley, bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí tẹ́lẹ̀, kí ni oníwàásù ń wàásù fún? Ó ní oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn, Ọlọ́run sì mọ ẹni tí yóò gbà á tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Wesley ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó dé Iléṣà ti wá. Àwọn Presibitéríà, tí Calvin jẹ́ baba fún, Calabar ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ní 1846. Èyí wà lára ohun tó fà á tí ẹ̀kọ́ Calvin kò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn Áńgílíkà ní àkọsílẹ̀ kan lórí yíyàn tẹ́lẹ̀, ìkẹtàdínlógún nínú àwọn òfin ìgbàgbọ́ 39 tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1571, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ yíyàn kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìgbọ́ ti ń wọlé. Kí Bíbélì tó dé ni Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ orí, ìpín àti àyànmọ́. Àwọn Mùsùlùmí ló mú kádàrá wá láti inú èdè Lárúbáwá, Kristẹni náà sì ń lò ó lónìí láì ronú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà ní 1972, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìpín fi ń bá ènìyàn: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tó kúnlẹ̀ gbà, àti àyànmọ́, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú àkúnlẹ̀yàn, ènìyàn fúnra rẹ̀ ló yan orí; nínú ẹ̀kọ́ Calvin, Ọlọ́run nìkan ló ń yàn. Ohun tí àyànmọ́ sì ń tọ́ka sí ni owó, ọmọ, ẹ̀mí gígùn àti iṣẹ́ tí ènìyàn yóò ṣe láyé. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nínú Róòmù orí kẹjọ ni pé Ọlọ́run pinnu láti sọ àwọn ènìyàn rẹ̀ dà bí Ọmọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò bímọ tàbí ẹni tí yóò là lọ́jà. Obìnrin tí wọ́n ní kó gba kádàrá lórúkọ Pọ́ọ̀lù, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí ibi tí kò fi í sí. Ilé Ifá pàápàá kò ní kí ènìyàn káwọ́ gbera. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ pé bí orí ṣe dúró fún ìpín, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ dúró fún akitiyan, àti pé orí rere tí ẹsẹ̀ kò bá gbè kò lè débi kan. Jákọ́bù ì bá gbádùn àlàyé yẹn.

Ní Iléṣà, oògùn ni ìjiyàn ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ gbà yọjú. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928 nítòsí Ìkéjì-Arákejì. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà nípasẹ̀ rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ sì wá gba ìwòsàn níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ àwọn olórí ìsọjí náà ni pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ tún gbẹ́kẹ̀ lé oògùn, ì báà ṣe ti ìbílẹ̀, ì báà ṣe ti òyìnbó. Nínú ìlú kan náà sì ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti kọ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild, nítorí lójú tiwọn, títọ́jú aláìsàn jẹ́ ara iṣẹ́ tí ìgbàgbọ́ ń bí.

Láti 1931, àwọn òyìnbó ìjọ Apostolic láti Wales ní Bìrìtéènì wá bá àwọn ọmọ ìsọjí náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Ìgbà náà ni nǹkan yí padà: àwọn tí a wàásù fún wá ń sọ fún oníwàásù pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ oògùn nìkan kọ́ ló fa ìjà o, ti ẹni tí yóò máa pàṣẹ nínú ìjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1941 fi parí, wọ́n ti yapa. Apá tí Babalọlá, D. O. Ọdúbánjọ àti Isaac Akínyẹlé, tó padà di Olúbàdàn ní 1955, wà ni wọ́n fi orúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943.

Àwọn ìjọ tó dé lẹ́yìn wọn tún mú ìbéèrè náà wá lọ́nà mìíràn. W. F. Kumuyi, ọmọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó bẹ̀rẹ̀ Deeper Life ní 1973, tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá gbàgbọ́ gbọ́dọ̀ dá ohun tó jí padà, kó sì tún ibi tó ti bàjẹ́ ṣe, àti pé ènìyàn lè pàdánù ìgbàlà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Onítẹ̀bọmi ń kọ́ni pé ẹni tí Ọlọ́run bá gbà là nítòótọ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Iléṣà, ilé ìwòsàn Wesley Guild ti di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì náà ń lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gbé omi tí wọ́n gbàdúrà sí dání nínú ike, wọ́n a fi lo oògùn tí dókítà kọ fún wọn.