Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Jẹ́ Eléré Ìdárayá: Bí A Ṣe Lè Ṣe IT Láìba Ìlera Jẹ́

Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn fásitì àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ilẹ̀ Nàìjíríà máa ń fi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́, oko ńlá, ilé-ìwòsàn àti yàrá àyẹ̀wò. Ètò náà ń jẹ́ SIWES, ṣùgbọ́n IT ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1973 ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àjọ ITF, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1971. Oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní fásitì fi ń ṣe é, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ND máa ń lo oṣù 4.

Lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn tó ń ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ wọn nínú eré sísá, bọ́ọ̀lù, ìwẹ̀ odò àti ìjàkadì. Àwọn ni wọ́n ń kópa nínú ìdíje NUGA ti àwọn fásitì, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn lọ́dún 1966, tí Fásitì Ìlú Èkó sì gbàlejò rẹ̀ lọ́dún 2022. Ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ni NIPOGA. Bí IT bá dé, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò jìnnà sí pápá, sí akọ́nimọ̀ọ́gbá àti sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á pa eré ìdárayá tì pátápátá. Àwọn mìíràn á gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, títí ara yóò fi kọ̀ fún wọn. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ewu tirẹ̀.

Ibi tí wàhálà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìṣirò wákàtí. Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó sì ń ṣe IT rẹ̀ ní Àpápá. Agogo 4 ààbọ̀ òwúrọ̀ ni yóò jí kí sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni yóò kúrò níbi iṣẹ́, ó sì lè tó agogo 8 alẹ́ kí ó tó délé. Bí ó bá fi wákàtí kan ààbọ̀ ṣe ìdárayá, kí ó tó wẹ̀, kí ó tó jẹun, kí ó tó kọ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, agogo 11 ti lù. Wákàtí 5 ààbọ̀ péré ló kù fún oorun. Àwọn onímọ̀ ìlera sì sọ pé àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí 7. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè wákàtí 7 ààbọ̀.

Gbèsè oorun kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá tí oorun wọn kò tó wákàtí 8 lálẹ́ fara pa ní ìlọ́po 1.7 ju àwọn tó ń sùn tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣáájú èyí, lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí ní Fásitì Stanford jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù máa fi ó kéré tán wákàtí 10 sùn lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù wọlé fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ẹsẹ̀ wọn sì yá sí i. Ó hàn gbangba pé inú oorun ni ara ti ń tún iṣan tó ya ṣe, tó sì ti ń kó agbára jọ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí akẹ́kọ̀ọ́ dá ìdárayá dúró fún odidi oṣù 6 ni? Rárá o. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 tí eléré ìdárayá bá fi jókòó lásán ni agbára ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ewu tó tún pọ̀ ju èyí lọ ni pé, bí ó bá padà sí pápá, ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gba ohun tó sọnù láti oṣù 6 padà. Bí iṣan itan ṣe ń ya nìyẹn, tí eegun ojúgun sì ń sán.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ara kì í béèrè ohun tó pọ̀ láti pa agbára tó ti ní mọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 fi hàn pé àwọn tó ń ṣe ìdárayá ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀ lè dín in kù sí ọjọ́ 4, kódà sí ọjọ́ 2, fún ọ̀sẹ̀ 15, kí agbára ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn má sì lọ sílẹ̀, bí wọn kò bá ṣáà ti dín bí ìdárayá náà ṣe le tó kù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, kí akẹ́kọ̀ọ́ dín iye ọjọ́ kù, ṣùgbọ́n kí ó má sọ ìdárayá náà di eré ọmọdé. Ó lè fi òwúrọ̀ Sátidé ṣe èyí tó gùn, kí ó fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan tàbí méjì ṣe èyí tó kúrú tó sì le, kí ó sì ya ọjọ́ kan ó kéré tán sọ́tọ̀ fún ìsinmi pátápátá.

Ẹ̀wẹ̀, oúnjẹ tún jẹ́ ìṣòro ńlá. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu IT ń rí kì í tó nǹkan, iléeṣẹ́ mìíràn kì í tilẹ̀ san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi omi mu gàárì lọ́sàn-án, tí wọ́n á sì lọ sáré nírọ̀lẹ́. Lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé, IOC, ṣe ìkìlọ̀ nípa àìsàn tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní RED-S, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oúnjẹ tí eléré ìdárayá ń jẹ kò bá tó iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe. Ó ń sọ eegun di aláìlágbára, ó sì ń jẹ́ kí àìsàn tètè ráàyè wọlé. Lára obìnrin, nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró. Kí ọ̀dọ́mọbìnrin kankan má ṣe ka èyí sí àmì pé ìdárayá òun ń so èso. Ilé-ìwòsàn ló yẹ kó lọ.

Kì í ṣe oúnjẹ olówó gọbọi ni ara ń fẹ́. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mọ́ínmọ́ín, àkàrà pẹ̀lú ògì, ẹyin sísè, ẹja, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ lè gbé eléré ìdárayá ró dáadáa. Èyí tí a gbé dání láti ilé sì dínwó ju èyí tí a ń rà lẹ́bàá iléeṣẹ́.

Bákan náà, kí a ṣọ́ra fún oòrùn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú ooru látàárọ̀ ti pàdánù omi kí ó tó dé pápá. Bí ìtọ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, àmì ni pé omi ara kò tó. Ẹni tí ibà bá sì ń ṣe, kí ó jìnnà sí pápá títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn ìrora bo ìfarapa mọ́lẹ̀, pàápàá tramadol, tó ń di bárakú, tí àjọ WADA sì ti fòfin dè lásìkò ìdíje láti oṣù kìíní ọdún 2024.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ru ẹrù yìí. Kí ó tó yan iléeṣẹ́, kí ó wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ilé rẹ̀ àti sí pápá. Kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ń ṣojú ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdíje. Ó sì yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún un ní ètò ìdárayá tó bá ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ mu, kí ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bó bá padà, kí ara rẹ̀ lè mọ́lé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti rìn ín rí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ti Ìbàdàn, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ó sì gba góòlù 2 wọlé nígbà tí Nàìjíríà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1980. Adokiye Amiesimaka, tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ náà, di agbẹjọ́rò, ó sì di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun rọra rìn lè mú èkínní lónìí, kí ó sì tún ní agbára tí yóò fi lé èkejì lọ́la. Bí ìrora kan bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, bí àárẹ̀ kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi, tàbí bí àyà bá ń dunni lásìkò ìdárayá, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dúró de òpin IT kó tó lọ rí dókítà.